Ẹ Bi Bàbá Alábẹ́rẹ́: Àwo Eagles Tó Dá Ìjà Sílẹ̀

Gbólóhùn kan péré ni mo sọ lóṣù tó kọjá. Mo ní àwo orin tó tà jù nílẹ̀ Amẹ́ríkà kì í ṣe ti Michael Jackson, pé ti ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tí wọ́n ń pè ní Eagles ni, àṣàjọ orin tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 1976, ìyẹn orin tí wọ́n ṣà jọ látinú àwọn àwo wọn tó ti jáde tẹ́lẹ̀. Mo rò pé lẹ́tà méjì mẹ́ta ni n óò rí gbà. Ńṣe ni wọ́n ya bò mí. Àwọn kan ń bú mi, àwọn kan ń gbè mí lẹ́yìn. Ìyá kan láti Ìgbọ̀nà tiẹ̀ kọ̀wé pé kí n wá fún ọmọ òun ní abẹ́rẹ́ ibà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kà wá, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí, abẹ́rẹ́ ẹnu ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù ni. Òun ni mo tà títí ní Station Road, l'Óṣogbo níbí, lẹ́yìn tí mo ṣe fírídọ̀mù. Èmi kì í gún èèyàn.

Ó yá, ká gbé wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la ò gbọ́ra wa yé. Wọ́n ní "Hotel California" wà nínú àwo Eagles tẹ́ ẹ sọ yẹn, Their Greatest Hits (1971–1975), pé òun ló gbẹ̀yìn ojú kejì. Mo ní kò sí níbẹ̀. Wọ́n ní láti 1981 làwọn ti ń gbọ́ ọ, pé ṣé mò ń pe àwọn ní òpùrọ́ ni? A ti fi páálí móòtì méjì ta tẹ́tẹ́. Àna ni wọ́n jẹ́ fún mi, mi ò sì fẹ́ kí ọ̀rọ̀ orin òyìnbó tú ilé mi. Ẹ bá wa dá a. (Àna Oníwàhálà, Òkè-Fìà)

ÌDÁHÙN: Kò sí níbẹ̀.

Oṣù kejì ọdún 1976 ni àwo yẹn jáde. "Hotel California" ò dé ìta títí di oṣù kejìlá ọdún yẹn, nínú álíbọ́ọ̀mù tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ wo àkọlé àṣàjọ yẹn fúnra ẹ̀: 1971 sí 1975. Ọmọ tí wọn ò tíì lóyún ẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ bá wọn ya fọ́tò? Ẹni tó bá ń wá àṣàjọ tí orin yẹn wà nínú ẹ̀, Volume 2 ni kó béèrè, èyí tó jáde lọ́dún 1982.

Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ gba páálí. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín ò parọ́.

Lọ́dún 1980, ọmọ iṣẹ́ ni mí ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ rélùwéè níbí. Owó rẹ́kọ́ọ̀dù òyìnbó kì í ṣe kékeré lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, torí náà kásẹ́ẹ̀tì òfìfo ni wọ́n ń mú wá, ká bá wọn gba orin sí i. C-60 ló wọ́pọ̀ jù: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kìíní, ọgbọ̀n lójú kejì. Àwo Eagles yẹn wá ńkọ́? Ojú ẹ̀ kọ̀ọ̀kan ò tó ìṣẹ́jú méjìlélógún. Ó túmọ̀ sí pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ á ṣẹ́ kù tí kásẹ́ẹ̀tì á kàn máa yí, tí á máa ṣe ṣììì bí òjò tó jìnnà. Ọ̀gá mi kórìíra ẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó san owó abọ́ kan, a ò gbọdọ̀ bu àmàlà fún un kó má kún abọ́.

Bí ojú kìíní bá parí, lẹ́yìn "Desperado", wọ́n á ki orin Jim Reeves méjì bọ̀ ọ́. Bí ojú kejì bá parí, lẹ́yìn "Best of My Love", "Hotel California" ni wọ́n ń gbé síbẹ̀, torí ìṣẹ́jú mẹ́fà àbọ̀ ni, ó sì bá àyè yẹn mu bí ọmọrí ìkòkò. Ohun tó bá kù lẹ́yìn ìyẹn, máíkì ló kàn. Wọ́n á pe orúkọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kí oníbàárà, wọ́n á ní ẹni tó bá gba orin níbòmíràn, kó má fi ariwo kásẹ́ẹ̀tì ẹ̀ di àwọn lọ́wọ́.

Èmi ni mo ń di máíkì yẹn mú. Lọ́jọ́ tá a gba ìyá kásẹ́ẹ̀tì, ìyẹn èyí tá a wá ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ fún gbogbo ìlú, ikọ́ gbé mi láàárín ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Bí ikọ́ ṣe ń lọ sílẹ̀ ni ọkọ̀ ojú irin fọn fèrè. Mo ní ká tún un gbà. Wọ́n ní kí ló bàjẹ́ ńbẹ̀? Bó ṣe jáde lọ nìyẹn. Mi ò lè ka iye ẹ̀dà tá a ta, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àwọn awakọ̀ Old Garage gbé e dé Ìlá, wọ́n gbé e dé Ìkìrun.

Nítorí náà, ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín léèrè: lẹ́yìn "Hotel California", ṣé ẹnìkan ò wúkọ́ lórí kásẹ́ẹ̀tì yẹn, tí rélùwéè sì dá a lóhùn? Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sọ fún wọn pé ọmọ ọdún méjìdínlógún ni Bàbá Alábẹ́rẹ́ nígbà náà, wọn ò sì ní òògùn ikọ́.

Ẹ̀yin lẹ jẹ tẹ́tẹ́. Àmọ́ ẹ gbé páálí kan lọ sílé wọn, kẹ́ ẹ jọ mu ún. Páálí kejì, owó ìdájọ́ ni. Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí mọ ilé mi.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbọ́ iye. Àwọn ọmọ mi lérí pé Thriller ló tà jù láyé. (Ìyá Ìbejì, Òkè-Baálẹ̀)

ÌDÁHÙN: Láyé, àwọn ọmọ jàre. Nílẹ̀ Amẹ́ríkà, èmi ni mo jàre. Lóṣù kẹjọ ọdún 2018, RIAA, àwọn tó ń ka iye àwo tó tà fún wọn níbẹ̀, tún ìṣirò ṣe: àṣàjọ Eagles jẹ́ mílíọ̀nù 38, Thriller jẹ́ mílíọ̀nù 33 nígbà yẹn, Hotel California tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú mílíọ̀nù 26. Ẹ má gbàgbé pé wọ́n ti ń ka ti orí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Bí àwọn èèyàn bá gbọ́ orin inú àwo kan ní ìgbà 1,500 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀dà kan ni wọ́n kà á sí. Lọ́dún 1976 tó jáde, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá oyè platinum sílẹ̀ fún àwo tó bá tó mílíọ̀nù kan. Eagles yìí ni álíbọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tó jẹ oyè náà, kò sì tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tó dé ọjà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ yé é gbé àṣàjọ gẹ̀gẹ̀ bí ẹyin ojú. Mo ní álíbọ́ọ̀mù Eagles mẹ́rẹ̀ẹ̀rin àkọ́kọ́, mo rà wọ́n nígbà tí náírà ṣì ń jẹ́ náírà. Ẹni tó ra Greatest Hits dà bí àlejò tó dé òde ìnáwó, tó ṣa ẹran inú ọbẹ̀ jẹ, tó wá ń sọ fáyé pé òun mọ ọwọ́ ìyá alásè. Níbo ni wọ́n ju "Doolin-Dalton" sí? Ọmọ ọdún 66 ni mí, mi ò sì ní yí ohùn padà. (Onígìtá, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀gbọ́n mi, mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ jẹ́ n gba ìdajì ọ̀rọ̀ yín, kí n fa ìdajì kejì yọ.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ṣà á ná. Nínú àwo àkọ́kọ́, 1972, wọ́n mú "Take It Easy", "Witchy Woman" àti "Peaceful Easy Feeling". Nínú Desperado, 1973, wọ́n mú orin tó ni orúkọ àwo àti "Tequila Sunrise". Nínú On the Border, 1974, "Already Gone" àti "Best of My Love". Nínú One of These Nights, 1975, orin tó ni orúkọ àwo, "Lyin' Eyes" àti "Take It to the Limit". Mẹ́ta, méjì, méjì, mẹ́ta. Bàbá tó ń pín ilẹ̀ fún ọmọ ìyàwó mẹ́rin ò lè pín in kó gún jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti gbà fún yín ni Desperado. Àwo yẹn, ìtàn ni wọ́n fi pa á, ìtàn àwọn ìgárá ọlọ́ṣà ayé ọjọ́un ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà. "Doolin-Dalton" ló ṣílẹ̀kùn ẹ̀, òun náà ló tún padà wá tì í, tí wọ́n so "Desperado" mọ́ ọn nídìí. Nínú ilé ẹ̀, orin yẹn ní ará, ó ní ìyekan. Èèyàn ń bá ẹni tó ti sá káàkiri títí sọ̀rọ̀ pé kó sọ̀ kalẹ̀, kó jẹ́ kí ẹnìkan fẹ́ràn òun. Wọ́n wá fà á jáde láàárín àwọn ará ilé ẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́yìn "Already Gone", ó di orin tí wọ́n ń kọ níbi ìgbéyàwó. Ó dùn mí. Mo gbà.

Àmọ́ ẹ̀gbọ́n, ta ni ì bá ti gbọ́ ọ? Nínú orin mẹ́wàá yẹn, mẹ́sàn-án ló ti jáde ní àwo kékeré, tí rédíò ti lù. "Desperado" nìkan ni wọn ò gbé jáde bẹ́ẹ̀. Àwo tó sì wà nínú ẹ̀, kò rìn tó èyí tó ṣáájú ẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín jiyàn yìí, inú àṣàjọ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ dùùrù tó bẹ̀rẹ̀ orin náà, ẹsẹ̀ mi sì dúró lójú kan. Ẹran tẹ́ ẹ ní wọ́n ṣà nínú ọbẹ̀ yẹn ló mú mi lọ wá ìkòkò.

Ẹjọ́ tí èmi ní pẹ̀lú àwo yẹn yàtọ̀ sí tiyín. Wọn ò tò ó bí ọdún ṣe tò. Glyn Johns, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló darí bí wọ́n ṣe gba mẹ́fà nínú orin mẹ́wàá náà sílẹ̀. Bill Szymczyk ló darí mẹ́rin. Johns fẹ́ kí wọ́n rọra, kí gìtá onígi máa dún, kí ohùn ẹlẹ́gbè tò léra bí aṣọ inú àpótí. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ fẹ́ kó le, kó jó wọn lára. Bí wọ́n ṣe ń gba On the Border lọ́wọ́ ni wọ́n fi í sílẹ̀, tí wọ́n lọ bá Szymczyk, Don Felder sì wọlé pẹ̀lú gìtá oníná. Ẹni tó bá gbọ́ àwo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yín tẹ̀ léra, á máa gbọ́ bí kọ́ńtírì ṣe ń di rọ́ọ̀kì, bí ẹni jókòó ti ẹ̀kọ tó ń dì. Àṣàjọ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀. Gìtá Felder á ké nínú "Already Gone" ti 1974, kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú, "Desperado" ti dá yín padà sí 1973. Ẹni tí kò ní èyí tiyín nílé ò ní mọ̀ pé nǹkankan yí padà láàárín àwọn ọmọkùnrin wọ̀nyẹn.

Síbẹ̀, ẹ gbé e sórí ẹ̀rọ lálẹ́ kan tí iná bá wà. Kí ojú kìíní parí. Dùùrù á dákẹ́, abẹ́rẹ́ á wọ ojú ọ̀nà àárín, á máa ṣe kẹ́, kẹ́, kẹ́. Ẹ ò ní tètè dìde. Ìgbà tẹ́ ẹ bá wá yí i padà, bááàsì "One of These Nights" á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bọ̀ nínú òkùnkùn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ajá gbọ́. Mo ti dán abẹ́rẹ́ wò lórí àwo tó pọ̀ láyé mi. Àwo tí ìyípadà ojú ẹ̀ dùn tó báyẹn ò ju mẹ́ta lọ, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti Dáírò.

Òpin ẹ̀ ni mi ò fara mọ́. "Best of My Love" dára, òun ni orin wọn àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1975. Ṣùgbọ́n "Take It to the Limit" ló yẹ kó ti ilẹ̀kùn. Randy Meisner tó ń ta bááàsì ló kọ ọ́, ohùn ẹ̀ á sì máa gòkè ní ìparí títí tí èèyàn á fi máa bá a na ọrùn. Àwọn olólùfẹ́ ń fẹ́ ohùn òkè yẹn ní gbogbo òru tí wọ́n bá ṣeré, ó sì wá di ẹrù lọ́rùn ẹ̀. Ó kúrò nínú ẹgbẹ́ lọ́dún 1977. Ó kú lọ́dún 2023. Kí ni orin mìíràn ń wá lẹ́yìn ohùn yẹn? Ẹni tó tò ó kò gbọ́ ohun tí mo gbọ́.

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ ò bá ní yí ohùn padà, ẹ yá mi ní On the Border yín. Tèmi ti ha lójú kejì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé orin Yorùbá ti tán ni? Kí ló kan Òrokí nínú ọ̀rọ̀ àwọn ará Los Angeles? (Ọmọ Òrokí)

ÌDÁHÙN: Kò tán. Ọdún 1971 tí àwọn Eagles kóra jọ ní Los Angeles náà ni Haruna Ishola gbé Oroki Social Club jáde, tó fi ki àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ìlú wa. Mo gbọ́ ọ ṣáájú kí n tó gbọ́ Eagles, n óò sì gbọ́ ọ lẹ́yìn wọn.

Ìbéèrè yín mú nǹkan kan wá sọ́kàn mi, àmọ́. Àṣàjọ rọrùn fún òyìnbó torí orin wọn kúrú, ìṣẹ́jú mẹ́ta, mẹ́rin. Ti àwa, ní ayé ẹlípì, olórin jùjú tàbí àpàlà lè fi orin kan gba odindi ojú àwo, kó máa ti orí ọ̀kan bọ́ sí òmíràn láìmí. Ẹ fẹ́ ṣa èyí tó dára jù nínú ẹ̀? Níbo lẹ ó ti fi ọ̀bẹ sí i? Ẹ gé e níhìn-ín, ẹ ti gé oríkì ẹnìkan sí méjì. Ẹ gé e lọ́hùn-ún, ìlù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná ni. Àwọn ọmọ tó ń ta àkópọ̀ "Best of" ní ibùdókọ̀ ń ṣe é lójoojúmọ́, mo sì ti gbọ́ ibi tí wọ́n ti gé orúkọ bàbá olówó kan kúrò lórí àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún un. Ká ní bàbá yẹn wà láyé, ilé ẹjọ́ ni wọn ì bá ti pàdé.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ sà. Bàbá mi á pé 70 lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ní kásẹ́ẹ̀tì Eagles kan tí téèpù ẹ̀ ti já, wọn ò sì jẹ́ ká jù ú nù. Ṣé kí n wá rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ fún wọn ni, àbí kí n kó orin náà sórí fóònù wọn? (Àbígbẹ̀yìn, Ayétòrò)

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ṣé bàbá ní ẹ̀rọ rẹ́kọ́ọ̀dù tó ń ṣiṣẹ́? Bí kò bá sí, má gbé ẹrù lé wọn lórí. Kó orin mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sórí fóònù, tò wọ́n bí wọ́n ṣe wà lẹ́yìn páálí àwo, kí o sì pa ibi tó ń da orin rú. Lẹ́yìn ìkarùn-ún, jẹ́ kó dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n á mọ ìdí ẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù lo fẹ́ rà dandan, wá èyí tí orí ẹyẹ wà lójú páálí ẹ̀, egungun orí idì, lórí àwọ̀ búlúù tó rọ̀. Ti àtijọ́, bí o bá fọwọ́ pa páálí náà, wàá rí i pé egungun yẹn yọ sókè. Ọjọ́ tí mo gbé tèmi wọlé, màmá mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ta ni mo fẹ́ fi orí ẹyẹ ṣe nǹkan fún nínú ilé àwọn? Odindi ọdún kan ni mo fi ìwé ìròyìn pọ́n ọn. Gbé àwo náà sábẹ́ iná, kí o fì í sọ́tùn-ún sósì. Ìlà tó bá ń tàn bí ipa ìgbín, òun lo fẹ́ sanwó ẹ̀ yẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì bàbá, má fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń lẹ̀ nínú ẹ̀ á yọ́ bí ooru bá mú, á sì bá ẹnu ẹ̀rọ jẹ́. Gé ibi tó já kó gún, so ó pẹ̀lú téèpù àwọn oníkásẹ́ẹ̀tì tó tín-ín-rín, fi bírò yí i padà sínú. Mo ṣì ní díẹ̀ nínú téèpù yẹn, bí o bá mú un wá, ọ̀fẹ́ ni.

Kí o tó mú un wá, wo ara ẹ̀ bóyá C-60 ni. Bí bàbá bá sọ pé "Hotel California" wà ní òpin ojú kejì, pé ẹnìkan sì wúkọ́ lẹ́yìn ẹ̀, má dúró de oṣù tó ń bọ̀, ọ̀la ni kí o wá. Mi ò ní ẹ̀dà kankan. Ọ̀gá mi ti kú láti 1994, mi ò sì mọ ibòmíràn tí mo tún ti lè gbọ́ ohùn wọn.